Ẹ Má Fi Sáńpépà Ha Ìtàn Kúrò Lára Ìbọn Ológun Àtijọ́

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun lórí ìwé ìròyìn yìí, èyí tí àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Texas náà kì í fi ṣeré. Ohun tó mú kí n gbé kálàmù ni àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí nípa àwọn tó ń ra ìbọn ológun àtijọ́ pa mọ́ ní Amẹ́ríkà. Àpilẹ̀kọ náà kún fún ẹ̀kọ́, àmọ́ ibì kan wà nínú rẹ̀ tí n kò lè gbójú fò dá. Ẹni tó kọ ọ́ ní ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó bá ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣe ni kí ó fi sáńpépà ha igi rẹ̀ títí yóò fi mọ́lẹ̀, kí ó fi fáníṣì kùn ún, kí ó sì ha irin rẹ̀ títí yóò fi máa kọ mànà bí èyí tí wọ́n rọ lánàá. Èmi náà ń kó irú ìbọn wọ̀nyí jọ, ohun tí mo sì ti fojú rí ni pé irú ìmọ̀ràn yìí ti ba ìbọn jẹ́ ju ìpáàrà lọ.

Kí n tó lọ jìnnà, kí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí ní Nàìjíríà má ṣe rò pé òun náà lè dáwọ́ lé e. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 kò fi àyè sílẹ̀ fún ará ìlú láti máa kó ìbọn ológun jọ bó ṣe wù ú, kódà ṣakabùlà ọdẹ kò ṣeé ní láìgba ìwé àṣẹ. Ní Amẹ́ríkà níbí, ìwé àṣẹ pàtàkì kan wà fún àwọn tó ń kó ìbọn tó ti pé 50 ọdún jọ, 30 dọ́là ni owó rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ìjọba àpapọ̀ sì ka ìbọn tí wọ́n rọ kí ọdún 1899 tó wọlé sí ohun àtijọ́ lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ìpínlẹ̀ kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Ìbọn tí à ń sọ yìí ni èyí tí ìjọba kan ti fi jagun, tí ó wá tà á nígbà tí ó rí èyí tó sàn jù ú lọ. Irú òwò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ọdún 1866 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbọn Snider, èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n láti ọdún 1871 ni Martini-Henry ti ń gba ipò rẹ̀. Irú ìbọn Snider tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pa tì yìí ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ń rà ránṣẹ́ sí ojú ogun Kírìjì, nígbà tí ọ̀pọ̀ jagunjagun Ìbàdàn ṣì ń ti ẹ̀tù bọ ẹnu ṣakabùlà. Bákan náà ni àwọn baba wa tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì gbé Lee-Enfield, ìbọn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, gba inú igbó àfonífojì Kaladan kọjá ní ọdún 1944. Ìdí nìyí tí n kò fi lè wo Lee-Enfield kan bí ohun ọ̀ṣọ́ inú ilé tó kàn nílò ọ̀dà tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí sáńpépà ń gbé lọ gan-an. Bí ẹ bá mú M1 Garand, ìbọn tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà wọlé ní ọdún 1936, tí ẹ sì yí apá òsì igi rẹ̀ sókè, ẹ ó rí òǹtẹ̀ kékeré kan tí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò nílé iṣẹ́ fi lù ú. Nínú òǹtẹ̀ ti Springfield Armory, ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba Amẹ́ríkà, lẹ́tà SA máa ń wà lókè, lẹ́tà orúkọ ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà á sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí GHS, Gilbert H. Stewart ni, ẹ ó sì mọ̀ pé àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ ogun ni igi yẹn jáde. Nígbà tí ọ̀gá bá yí padà, lẹ́tà náà á yí padà. Òǹtẹ̀ yìí kò jinlẹ̀ rárá. Sáńpépà tí ẹ bá fà síwá sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti pa á rẹ́, kò sì sí òróró tàbí fáníṣì kankan lábẹ́ ọ̀run tó lè dá a padà. Irin náà kò yọ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Savage ní Massachusetts rọ Lee-Enfield No. 4 tó lé ní mílíọ̀nù kan fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun yẹn, wọ́n sì tẹ “U.S. PROPERTY” sí i lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kò fi jagun, nítorí ètò ìyánilóhun-ìjà tí Amẹ́ríkà ṣe nígbà náà ni wọ́n fi kó o ránṣẹ́. Mo ti rí èyí tí ẹnìkan fi ẹ̀rọ ha títí ọ̀rọ̀ náà fi di òjìji lásán. Ó ń dán lóòótọ́, àmọ́ kò sí ohun tó kù lára rẹ̀ tó lè sọ ibi tó ti wá.

Ta ni nínú wa ni yóò gbé ère ìbejì tí ìyá kan ti ń wẹ̀, tí ó ti ń fi osùn pa títí imú àti ojú rẹ̀ fi jẹ dànù, tí yóò wá fi sáńpépà ha á kí ó lè jọ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́? Dúdú tí ọwọ́ àti òróró ti fi kun igi ìbọn láti ọdún pípẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi mí pé, ṣebí àwọn ológun pàápàá máa ń tún ìbọn wọn kùn? Òótọ́ ni, ìbéèrè yìí sì ṣòroó dáhùn ju bí ọ̀pọ̀ àwa tí a ń kó ìbọn jọ ṣe ń ṣe bí ẹni pé ó rí lọ. Lẹ́yìn ogun ọdún 1945, àwọn ará Soviet tú ọ̀kẹ́ àìmọye ìbọn ogun wọn tí à ń pè ní Mosin-Nagant palẹ̀, wọ́n pa ẹ̀yà ara wọn pọ̀ mọ́ ti ara wọn, wọ́n tún nọ́ńbà tẹ̀ kí ó lè bá ti ọ̀pá ìbọn mu, wọ́n fi irú fáníṣì pípọ́n kan tí à ń pè ní shellac kun igi rẹ̀, wọ́n sì rì í sínú gíríìsì cosmoline kí wọ́n tó kó o sínú àpótí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà tún Lee-Enfield ṣe ní ilé iṣẹ́, wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú kun irin púpọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, ọ̀dà tó wà lára ìbọn kan lè má jẹ́ ti ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ológun fi ọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Lára Mosin, ẹ ó rí àmì onígun mẹ́rin tí ìlà gba dábùú inú rẹ̀, lára Lee-Enfield, ẹ ó rí FTR (Factory Thorough Repair, ìyẹn àtúnṣe pátápátá nílé iṣẹ́) àti ọdún tí wọ́n tún un ṣe. Shellac tó ń ṣí bí èèpo yẹn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń yára bó dànù nítorí pé kò wù wọ́n, òun náà jẹ́ ara ìtàn ìbọn ọ̀hún. Ta ló wá fọwọ́ sí fáníṣì tí ẹnìkan kùn nínú gáréèjì rẹ̀?

Ìtọ́jú tó yẹ ìbọn bẹ́ẹ̀ kò le. Cosmoline máa ń yọ́ bí ooru bá kàn án, kẹrosíìnì díẹ̀ lórí àkísà yóò sì nu èyí tó kù lára irin. Ẹ má ṣe fi ọtí líle nu igi Mosin, nítorí pé ọtí ni shellac ń yọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ohun tí ẹ fẹ́ tọ́jú ti wà lára àkísà. Fún Lee-Enfield, òróró èso ọ̀gbọ̀ (linseed oil) tí àwọn ológun fúnra wọn ń fi pa á ló tọ́, kí ẹ fi ọwọ́ pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì nu èyí tí igi kò bá mu. Ẹ jọ̀wọ́, àkísà tí ẹ fi pa òróró yẹn, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kí ó gbẹ tàbí kí ẹ rì í sínú omi, nítorí pé bí ẹ bá ká a jọ sí igun kan, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ ní òru. Bí igi bá tẹ̀ wọnú, tí okùn ara rẹ̀ kò já, aṣọ tútù àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná yóò gbé e sókè láìfi nǹkan kan ha á.

Ọ̀tá gidi tí àpilẹ̀kọ yín kò mẹ́nu bà rárá ni iyọ̀. Èròjà tí ń dáná sí ẹ̀tù nínú ọ̀pọ̀ ọta Soviet àtijọ́ máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn, iyọ̀ yìí á máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, irin á sì dógùn-ún láìpẹ́. Òróró kò lè yọ́ iyọ̀, omi gbígbóná ló lè ṣe é, lẹ́yìn náà ni kí ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó fi òróró sí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ yin irú ìbọn bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ní òṣùwọ̀n, kí ó lè yẹ àyè tó wà láàárín bolt (irin tó ń ti ọta wọnú ọ̀pá ìbọn) àti ìdí ọta wò, pàápàá jù lọ níbi tí nọ́ńbà ara bolt kò bá ti bá ti ara ìbọn mu.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kun ìbọn kankan. Kí òfin ìbọn Amẹ́ríkà ti ọdún 1968 tó dé, ìbọn ológun kò wọ́n, nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti ń rà á, àwọn ọdẹ ibí sì gé igi Lee-Enfield àti Mauser kúrú, wọ́n lu ihò sí irin rẹ̀, wọ́n sì fi fáníṣì tó ń dán yinrin kùn ún. Irú èyí ti sọ ohun tó ní nù tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wá igi ológun mìíràn fún un tó sì tún un ṣe kò jẹ̀bi lójú tèmi. Àwọn tó jẹ̀bi ni àwọn tó ń gbẹ́ òǹtẹ̀ èké sára igi tí wọ́n ti ha, tí wọ́n sì ń tà á ní iye tí wọ́n ń ta èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Irú wọn ń pọ̀ sí i níbi ìpàtẹ ìbọn.

Ní tèmi, gbogbo ohun tí mo bá ṣe lára ìbọn kan ni mo máa ń kọ sínú ìwé pélébé pẹ̀lú ọjọ́ tí mo ṣe é. Lee-Enfield ní ilẹ̀kùn kékeré kan nídìí, níbi tí ọmọ ogun ń fi ìgò òróró rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni mo ń ki ìwé náà sí, kí ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ mi tàbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi lè mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ológun yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Houston, Texas.