Kí oníwàásù ìdájí fi ìyá aránṣọ sílẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Òṣogbo níbí ni mò ń gbé, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ni mí, kẹ́nikẹ́ni má lọ rò pé kèfèrí ló ń kọ lẹ́tà. Oníwàásù ìdájí gan-an ló mú mi padà sílé Ọlọ́run ní 1998, mo ti jí mo tún fẹ́ sùn padà, bàbá kan ń lu agogo kọjá, ó ní "ìwọ tó o ti jí tó o tún ń wá orun kiri", àfi bíi pé ó ń wò mí látojú fèrèsé. Torí náà mi ò bá mẹ́gáfóònù jà.

Ohun tó dùn mí ni ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Òjò rọ̀ mọ́jú, àgbàrá wọ ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ránṣọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́ a bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fún aṣọ oníbàárà, áńkárá ti ṣí àwọ̀ sára léèsì funfun tẹ́nì kan fẹ́ fi ṣègbéyàwó, ẹ̀rọ ìránṣọ wà nínú ẹrẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni oníwàásù kan wá dúró sí, ó ní Ọlọ́run ń bínú sí Òṣogbo torí odò Ọ̀ṣun tí wọ́n ń bọ lóṣù Kẹjọ ọdọọdún, ó ní ṣé ẹ ò rí i pé omi náà ló fi jẹ wá níyà ni. Ìyá yẹn gbójú sókè wò ó, ó ń fún aṣọ ẹ̀ lọ. Díákónẹ́ẹ̀sì ni ìyá yẹn o!

Tó bá jẹ́ Ọ̀ṣun ló fà á, omi tó gbé èèyàn lọ ní Mókwá, ní ìpínlẹ̀ Niger, lóṣù Karùn-ún 2025, ọdún Ọ̀ṣun wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ṣọ́ọ̀ṣì tó wó lé olùjọ́sìn lórí ní Ùyo lóṣù Kejìlá 2016 ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹnì kan joyè bíṣọ́ọ̀bù?

Wọ́n ti mú irú ọ̀rọ̀ yìí wá bá Jésù fúnra ẹ̀, ẹ wo Lúùkù 13. Ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa èèyàn 18, Ó ní ṣé ẹ rò pé ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ju ti àwọn tó kù ní Jerúsálẹ́mù lọ ni, Ó ní rárá. Lóòótọ́ Ó tún ní táwọn tó ń gbọ́ ò bá ronúpìwàdà gbogbo wọn ló máa ṣègbé, ṣùgbọ́n àwọn tó wà láàyè ló kọjú ọ̀rọ̀ sí, kò nàka sí òkú. Èmi náà, tí nǹkan bá ṣe mí tí mo sọ pé Ọlọ́run ń bá mi wí, ọ̀rọ̀ èmi àti Ẹ̀ nìyẹn. Ta ló wá fún mi láṣẹ kí n bá ẹlòmíì túmọ̀ tiẹ̀? Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù kúkú gbọ́n lọ́jọ́ méje tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀, ẹnu tí wọ́n là ló bà á jẹ́.

Nígbà táwọn ọmọ àdúgbò wá gbẹ́ gọ́tà abẹ́ afárá àdúgbò wa, fóòmù ni wọ́n fà yọ, nílọ́ọ̀nù piọ wọ́tà ò lóǹkà, àti bánà ìsọjí ọdún tó kọjá (mi ò ní dárúkọ ìjọ).

Ẹni tó ni léèsì ṣì ń bá ìyá aránṣọ fa owó ẹ̀. Oníwàásù ò tíì padà wá.