Ìkéde fún Ẹ̀yin Ọmọ Ẹlẹ́wé-Ọmọ

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjà o. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ìsọ̀ wa ní Ìtòkú, gbogbo wa tí a gba iṣẹ́ títa ewé àti egbò yìí lọ́wọ́ òbí yóò pàdé.

Nígbà tí màmá mi lọ, agbọ̀n èèpo igi mẹ́tàdínlógún ni mo bá ní yàrá wọn. Mẹ́sàn-án péré ni mo dá mọ̀. Ó ń dùn mí di òní. Wọn a fi èékánná ha èèpo òrúwọ, wọn a gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n tó gé e. Ẹni tí òbí rẹ̀ ṣì wà, ẹ jọ̀ọ́, kó jókòó tì wọ́n, kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Asofẹ́yẹjẹ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Egbò rẹ̀ ní reserpine, tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Àpọ̀jù rẹ̀ léwu gan-an. Ẹ má fún aláboyún, ẹ má fún ẹni tó ń lo oògùn ọsibítù.

A ó sọ̀rọ̀ nọ́ńbà NAFDAC fún àgbo inú ìgò pẹ̀lú.

Ẹ mú ìwé àti bíìrò dání, kí ẹ sì mú ewé tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀ wá. Àwọn àgbà yóò wà níbẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́