Ìyá Ìbejì, bí mo ṣe ń rí àyè nìyí

Swansea, Wales
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, oṣù Kẹjọ

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjà o, o kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣé Táyé àti Kẹ́hìndé ń ṣe dáadáa? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ní o fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún kìlómítà 10 ti Lagos City Marathon, o wá bi mí pé èmi tí mo bí ọmọ mẹ́ta, tí mo ń ṣe nọ́ọ̀sì, tí mo tún ń lúwẹ̀ẹ́, tí mò ń gun kẹ̀kẹ́, tí mò ń sáré, níbo ni mo ti ń rí àyè. Ó wù mí kí n dáhùn lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìdáhùn ọ̀hún gùn, apá kan nínú rẹ̀ kò sì dùn-ún sọ. Ó yá mi lára kí n kọ ọ́.

Jẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó. Ironman ni wọ́n ń pe eré tí mò ń múra fún. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ní ìlú Tenby tó wà létí òkun, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a ó lúwẹ̀ẹ́ kìlómítà 3.8, a ó gun kẹ̀kẹ́ kìlómítà 180 lórí àwọn òkè Pembrokeshire, lẹ́yìn náà la ó wá sá kìlómítà 42.2. Aago méje àárọ̀ la máa bọ́ sínú òkun. Wákàtí 17 ni wọ́n fún wa. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀, wọn ò ní ka tirẹ̀. Lọ́dún 1978 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú eré yìí ní erékùṣù Oahu ní Hawaii, ènìyàn 15 ló bẹ̀rẹ̀, 12 ló parí. Èmi ò wá ipò kankan. Kí n ti parí kí aago méjìlá òru tó lù ni àdúrà mi.

Ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ ń gba wákàtí 12 lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ tó bá wúwo jù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀, mo sì máa ń sáré lọ dípò kí n wọ bọ́ọ̀sì. Lálẹ́, mo máa ń de ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mọ́ irin kan ní kíṣìnì kí ó má baà rìn, ọmọ mi kejì á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa kàwé sí mi létí. Ní àárọ̀ Túsìdeè, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ oníwọ̀n mítà 50 tó wà nítòsí wa ni mo máa ń lọ. Ọmọ ọdún 34 ni mí kí n tó mọ̀ ọ́n wẹ̀, èmi àti àkọ́bí mi la jọ kọ́ ọ. Irun ló dà mí láàmú jù, nítorí fìlà tí wọ́n ń tà kò gba irun dídì tiwa. Lọ́dún 2021, ọdún tí Alice Dearing di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún Britain ní Olympics, àwọn aláṣẹ ìlúwẹ̀ẹ́ àgbáyé kò tíì gba fìlà Soul Cap tí wọ́n ṣe fún irun wa. Ọdún 2022 ni wọ́n tó gbà á. Mo ra méjì, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ọmọ mi.

Sátidé gan-an ni wàhálà. Ọjọ́ náà ni kẹ̀kẹ́ gígùn, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà. Ìwọ náà sì mọ ohun tí Sátidé jẹ́ fún wa, ìbáà jẹ́ Swansea, ìbáà jẹ́ Sùúrùlérè. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí. Aṣọ ẹbí mẹ́ta ni mo ti kọ̀ lọ́dún yìí, mo sì mọ̀ pé ó dun àwọn tó ni ayẹyẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Kárùn-ún ju aṣọ ẹbí lọ. Bọ́ọ̀sì ni ọkọ mi ń wà, aago kan ọ̀sán ni iṣẹ́ rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní n ó ti dé ní aago méjìlá. Mo gba Carmarthen lọ, kí n gba Llandeilo padà. Kí n tó dé Carmarthen, táyà ẹ̀yìn jò. Mo pààrọ̀ túùbù, èyí tí mo fi sí i náà tún jò, nítorí mi ò yọ ẹ̀gún tó wà nínú táyà. Kò sí fọgánáísà lójú ọ̀nà níbí, ọwọ́ ara ẹni lèèyàn fi ń ṣe é. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí n tó gbéra. Nígbà tí mo dé Carmarthen, ibùdó ọkọ̀ ojú irin wà níbẹ̀, ọkọ̀ náà ìbá gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ dé Swansea kí aago méjìlá tó lù. Mo wo aago. Kìlómítà 120 ló wà nínú ètò mi, 45 péré ni mo ti ṣe. Mo mọ̀ pé bí mo bá tẹ̀ síwájú, kò sí bí mo ṣe lè dé kí aago kan tó lù. Ọ̀rẹ́ mi, mo kọrí sí Llandeilo.

Nígbà tí mo wọlé, aago méjì ti ń lọ. Ọkọ mi ti pe ibi iṣẹ́, wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, owó ọjọ́ yẹn ti lọ. Ó ti fún àwọn ọmọ lóúnjẹ, ó sì bo tèmi sílẹ̀. Kò pariwo. Ìgbà tí àwọn ọmọ sùn ló tó sọ pé, "Táyà lè jò, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣé o wo aago?" Mo ní mo wò ó. Ó ní, "Ohun tó dùn mí nìyẹn."

Oorun kò kùn mí lóru yẹn. Ìyá mi ni mo ń rántí, àti èésú tí wọ́n ń dá pẹ̀lú àwọn aláṣọ ní Gbági. O rántí pé kò sẹ́ni tó ń bínú sí ẹni tó bá kọ́kọ́ kó. Ẹni tó kó tirẹ̀ tán tí kò yọjú wá dá mọ́ ni wọ́n ń wá délé. Èmi náà ti ń kó Sátidé láti oṣù Kìíní, n kò sì dá nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwa méjèèjì gbé kàlẹ́ńdà kalẹ̀. Tèmi ni Sátidé títí di ọjọ́ eré, ṣùgbọ́n aago márùn-ún ìdájí ni n ó máa jáde, n ó sì ti wọlé ní aago mọ́kànlá àbọ̀, ìbáà jẹ́ kìlómítà 40 péré ni mo ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi ọkọ̀ ojú irin padà wálé láti ìgbà náà. Láti oṣù Kẹwàá, ó kan ọkọ mi láti kó. Ó fẹ́ kọ́ ìṣirò owó, alẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ àti gbogbo Sátidé, títí di oṣù Kẹfà. Mi ò ní forúkọ sílẹ̀ fún eré ńlá kankan lọ́dún tó ń bọ̀. Ọjọ́ Àìkú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó o. Eré gígùn tí mo ń sá lọ́jọ́ náà tẹ́lẹ̀ ti di ti Wẹ́sìdeè, nígbà tí àwọn ọmọ bá wà níléèwé.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi dé láti Nàìjíríà nínú oṣù Kẹfà, àyà mi ń já. Ní ìdájí Sátidé wọn àkọ́kọ́, wọ́n bá mi ní kíṣìnì níbi tí mo ti ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí o ò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé ọ. Èwo ni?"

Mo sọ ti bàbá mi fún wọn. Ìwọ náà wà níbi ìsìnkú, o mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ ló pa wọ́n lẹ́ni ọdún 56. Lẹ́yìn tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi, ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi náà ti di 152 lórí 98. Nǹkan ń lé mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí, n kò lè purọ́ fún wọn. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ṣe eré ìdárayá. Èmi ń lo 720. Ìṣẹ́jú 150 yẹn, ti ìlera ni, mi ò ní tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìwọ náà má tọrọ rẹ̀. Ìyókù, ìfẹ́ ọkàn mi ni. Bí mo bá wà nínú òkun Caswell láàárọ̀, tí aláìsàn kankan kò tẹ agogo pè mí, tí kò sẹ́ni tó ń ké "Mọ́mì", ara mi á wá di tèmi fún wákàtí kan.

Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Á jẹ́ pé o ń lé, wọ́n sì ń lé ọ." Wọ́n bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn fún mi.

Ní tìrẹ, kìlómítà 10 kò ní kó ọ wọ èésú rárá. Ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀: máa rìn díẹ̀, máa sá díẹ̀. Pápá ìṣeré Sùúrùlérè tí wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ eré kìlómítà 42 kò kúkú jìnnà sí ọ. Tó bá wá di 42 lọ́jọ́ kan, kí ìwọ àti Bàbá Ìbejì ti jókòó ti kàlẹ́ńdà kí o tó sanwó.

Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ń bọ̀ nílé nínú oṣù Kejìlá. Wọn ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì lórí pépà, ní ìrọ̀lẹ́ ni kí o wọ̀n ọ́n nígbà tó bá ti wú díẹ̀, kí o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. N ó ra bàtà tó gbà ọ́ dáadáa.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí o gbé àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré