Jákọ́bù Ka Ọdún Rẹ̀ fún Lábánì

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n ní Maryland níbí, mo kí yín lórúkọ Olúwa.

Ẹ̀bi kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Arábìnrin wa kan tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú arúgbó wá bá mi (òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́). Wọ́n ń yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú oúnjẹ kúrò nínú owó rẹ̀ lálaalẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ráyè jókòó jẹun rí. Mo gbàdúrà fún un, mo ní kó ṣe sùúrù. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n ọdún méjì péré ni òfin ìjọba àpapọ̀ fún ni láti béèrè irú owó bẹ́ẹ̀, mẹ́ta bí ọ̀gá bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Sùúrù tí mo kọ́ ọ ti mú díẹ̀ nínú owó náà lọ.

Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì orí 31. Ìgbà mẹ́wàá ni Lábánì yí ọ̀yà Jákọ́bù padà. Jákọ́bù mọ̀ pé Ọlọ́run rí i, síbẹ̀ ó kà á fún Lábánì lójú: ogún ọdún, mẹ́rìnlá nítorí ọmọbìnrin méjèèjì, mẹ́fà nítorí ẹran ọ̀sìn, òtútù lóru, oorun sá lójú rẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ òru, ṣé ẹ gbọ́ ohùn ara yín níbẹ̀?

Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ wọlé, èyí tí ẹ jáde, àti alẹ́ tí ẹ kò jẹun. Inú ìwé tiyín ni o, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà wọn. Owó wákàtí kan ní Maryland kò gbọdọ̀ dín ní dọ́là 15 láti oṣù kìíní 2024. Bí iṣẹ́ bá kọjá wákàtí ogójì lọ́sẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìdajì lé owó gbogbo wákàtí tó lé.

Wage and Hour Division, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó òṣìṣẹ́, ni ẹ óò pè, 1-866-487-9243. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í sì í kọ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni nítorí pé kò ní pépà ìgbélùú. Ìpínlẹ̀ Maryland náà ní ọ́fíìsì tirẹ̀. Bí kò bá sí àríyànjiyàn tòótọ́ lórí owó náà, kóòtù lè mú ọ̀gá san tó ìlọ́po mẹ́ta.

Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà yín. Mo ti rí ẹni tó béèrè owó rẹ̀ tí wọ́n gé wákàtí rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Òfin kọ̀ ọ́: wọ́n lè dá onítọ̀hún padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì san ohun tó pàdánù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ dá lọ. Bí òṣìṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta bá jọ sọ̀rọ̀ owó wọn, òfin dáàbò bò wọ́n, kódà bí wọn kò ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti arábìnrin yẹn yóò jọ pe nọ́ńbà náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú tiyín ńkọ́? Ẹ ń gba ọmọ ìjọ síṣẹ́, ẹ ń pè é ní àbúrò, ẹ wá ń fún un ní 1099, fọ́ọ̀mù owó-orí ti ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, kí ẹ má baà san ófátáìmù. Diutarónómì 24 ní kí ẹ san owó alágbàṣe, ìbáà jẹ́ arákùnrin tàbí àlejò, kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ má mú ìdámẹ́wàá owó yẹn wá sórí pẹpẹ. N kò ní gbà á.