Sí Àdùkẹ́, nítorí kọ́bọ̀ àádọ́ta

Arówómọlẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́.
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù Kánádà yẹn ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ rímú mí báyìí? Mo mọ̀ pé wàá máa sọ pé kí ló dé tí mi ò pè, tí mo wá jókòó ń kọ lẹ́tà bí ìgbà tá a wà ní họ́sítẹ́lì. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ lórí fóònù. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ẹ̀rín ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í rín, mi ò sì ní sọ ìdajì rẹ̀.

Kí n sáré kó ìròyìn yòókù kúrò nílẹ̀. Mọ́mì ń gbádùn, mo yà kí wọn lánàá, wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé o ti rù nínú fọ́tò. Máńgòrò ń jábọ́ sórí páànù wa bí òkúta. Iná ń ṣe bó ṣe ń ṣe. Ìyá Ṣèyí ti padà sílé ọkọ ẹ̀, má bi mí.

Ó yá, fìdí mọ́lẹ̀.

O rántí bó o ṣe fi mí ṣẹ̀sín ní Kérésì pé inú ìwé ọlọ́gọ́ta ewé ni mo ṣì ń kọ owó ṣọ́ọ̀bù sí? Àbúrò mi tó wà ní LAUTECH ò gbàgbé. Ó gbé GnuCash, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ owó, sórí láptọ́ọ̀pù mi, ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ó ní tí mo bá ti wa sitétímẹ́ǹtì jáde láti inú áàpù báńkì, kí n ṣáà jù ú sínú ẹ̀, á tò ó. Òótọ́ ló sọ. Oṣù kìíní títí dé ìparí oṣù kẹta wọlé wẹ́rẹ́. Mo yangàn fún gbogbo ará Tákíé.

Nígbà tí oṣù kẹrin parí, mi ò rántí ibi tí mo bá a dé mọ́. Mo bá tún wa sitétímẹ́ǹtì jáde láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, mo ní kí nǹkan kan má bàa bọ́ sílẹ̀. Ó tò wọ́n síwájú mi, àpótí kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan: A fún èyí tó jẹ́ tuntun, C fún èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni mo tó mọ̀ ìyẹn o! Lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé "cancel" ni C ń wí. Oníbàárà dúró sí mi lọ́rùn, ó ń tú ankara. Gbogbo èyí tó fi C sí ni mo yí padà. A, A, A, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Bí oṣù kẹta ṣe wọlé lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù ní mo ní 400,000 náírà ó lé díẹ̀. Báńkì ní 187,000. Mo wo ọ̀kan, mo wo èkejì, òógùn bò mí.

Àdùkẹ́, kí n má parọ́ fún ẹ. Ọmọ tó ń bá mi tajà ni mo kọjú sí, torí òun ni mo máa ń rán lọ gbowó nídìí POS, ó sì mọ nọ́ńbà káàdì mi. Mo ní, "Owó mi dà?" Ó ní, "Owó wo, mà?" Ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi sọ ọ́ yẹn gan-an ló tún bí mi nínú sí i. Mo sọ̀rọ̀, mo sọ ọ́ débi tí mo fi dárúkọ ìyá ẹ̀. Kò sunkún. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tó máa ń fi okùn kọ́ sọ́rùn, ó gbé e sórí kántà. Ankara tí oníbàárà tú sílẹ̀ wà níbẹ̀, ó ká a, ó ká èkejì, ó tò wọ́n létílétí, kó tó jáde. Aṣọ tó ká yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Ọjọ́ Ẹtì ni àbúrò mi wá, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ wò ó, obìnrin yìí san 18,500 lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ẹ wo abẹ́ ẹ̀: ọjọ́ kan náà, iye kan náà." Ó ní CSV ni fáìlì tí báńkì mi ń fún mi, kò sí nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tí ẹ̀rọ lè dì mú nínú ẹ̀, ọjọ́ àti iye owó ló fi ń méfò. Ó ní irú kan wà tí wọ́n ń pè ní OFX, ìyẹn máa ń gbé nọ́ńbà tirẹ̀ dání lórí owó kọ̀ọ̀kan, kò ní jẹ́ kó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bóyá tiyín lọ́hùn-ún nìyẹn. Mi ò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ. Ojú ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń rí.

Mo gbé búrẹ́dì àti páálí máàtì kan lọ sí Ìkòyí-Ilé. Ìyá ẹ̀ ò fún mi ní àga. Mo kúnlẹ̀, èmi tí o mọ̀ yìí. Ọmọ náà padà wá, ṣùgbọ́n "ẹ káàárọ̀ mà, ó dàárọ̀ mà" ti tán lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́, ó ní kí n máa mú un lọ́wọ́ ara mi.

Èmi náà wá jókòó láti pa àwọn tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì rẹ́. Ọwọ́ mi yá ju ojú mi lọ. Mo rí 60,000 mẹ́rin lọ́jọ́ kẹrìnlá, owó oògùn Mọ́mì tó o fi ránṣẹ́, mo pa mẹ́ta. Mo rí 53.75 mẹ́fà lọ́jọ́ kan, owó tí báńkì ń yọ fún tiránsífà tó bá ju 50,000 lọ, 50 náírà pẹ̀lú VAT ẹ̀. Mo pa márùn-ún. Mo ṣírò ẹ̀, owó inú láptọ́ọ̀pù wá kéré sí ti báńkì! Ó fi 59,892 náírà àti kọ́bọ̀ 50 dín.

Ta ló ń jí owó tó ní kọ́bọ̀? Ibẹ̀ ni mo wà títí aago kan òru. Kọ́bọ̀ 50 yẹn ló tú u. Àwọn alásọ ní Kánò ni mo fowó ránṣẹ́ sí lọ́jọ́ náà, mẹ́ta ni wọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni báńkì sì yọ tiẹ̀. Mẹ́ta ló yẹ kó kù, ọ̀kan ni mo fi sílẹ̀. Mo dá méjì padà, 107.50. Ohun tó wá ṣẹ́kù jẹ́ 60,000 gééré.

Mo lọ ṣí áàpù báńkì fúnra ẹ̀. 60,000 méjì ló wà níbẹ̀, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 12, àti aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 15. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn ò jọra. Kì í ṣe láptọ́ọ̀pù ló bí èyí o. Ìbejì ni wọ́n lóòótọ́.

Ṣé o rántí pé o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yí, o ń bi mí bóyá ó ti wọlé? Alẹ́ẹ̀tì kan ni mo rí, mo ní ó ti wọlé. Mo fi ra oògùn. Èkejì wà nínú ankara tí mo kó dé lọ́jọ́ kejì, mo ti tà lára ẹ̀.

Jọ̀wọ́, wo ọ̀dọ̀ tìẹ, bóyá wọ́n yọ owó rẹ lẹ́ẹ̀mejì, kó o sì fi rìsíìtì méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, fún mi dé ìparí oṣù tó ń bọ̀, màá san án ní ìdajì ìdajì. Tó o bá ní kí n fi ra oògùn oṣù méjì, ó dára bẹ́ẹ̀ náà. Má jẹ́ kí Mọ́mì gbọ́.

Ohun kan tún kù. Bá mi pe ọmọ yẹn. O mọ̀ pé ó máa ń gbọ́ tìẹ látìgbà tó o fún un ní bàtà. Mi ò tíì sọ ti 60,000 yìí fún un, mi ò mọ ẹnu tí màá fi sọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lórí ìṣó.

Èmi ni,
Àbẹ̀bí