Ẹ má ta irinṣẹ́ àwọn òbí yín ní ìwọ̀n kílò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin àti àwọn òǹkàwé yín. Ní ìgboro Ìbàdàn tí mò ń gbé, àwọn tó ń ra àlòkù irin ń ti ọmọlanke láti àdúgbò dé àdúgbò, wọ́n ń kó ayùn, ìfági, ṣísẹ́lì, àáké àti ọkọ́ tí àwọn òbí wa fi sílẹ̀, wọ́n sì ń wọ̀n wọ́n pọ̀ mọ́ páànù jíjẹrà àti fáànù tó ti jóná. Ẹni tó tà wọ́n yóò ní wọn kò wúlò mọ́. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ti ń fi iṣẹ́ igi àti ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé ṣe àfipawọ́, irinṣẹ́ àtijọ́ sì ni mò ń lò fún méjèèjì. Ohun tí mo rí ni pé kò sí ohun tó ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ irinṣẹ́ wọ̀nyẹn ju pé wọn kò mú mọ́ lọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n pọ́n sì ń dín kù láàárín wa.

Ayùn ni n ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí òun ni àwọn ènìyàn ń tètè sọ nù jù. Ọ̀pọ̀ ayùn ọlọ́wọ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti mú eyín rẹ̀ le débi pé fáìlì kò lè ràn án. Ẹ ó rí i pé eteetí eyín náà dúdú tàbí kí ó ní àwọ̀ búlúù díẹ̀. Ó ń mú dáadáa nígbà tó bá ṣì tuntun, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá kọ̀ ni ọjọ́ tí a ó jù ú nù. Ayùn àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Irin rẹ̀ le níwọ̀n, nítorí náà fáìlì onígun mẹ́ta lè pọ́n eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń pọ́n ọn yóò tẹ eyín kan sọ́tùn-ún, yóò tẹ èyí tó tẹ̀ lé e sósì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, kí ipa tí ayùn ń là nínú igi lè fẹ̀ ju ara ayùn fúnra rẹ̀ lọ; bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, igi yóò há ayùn mọ́ àárín. Èyí tí a fẹ́ fi la pákó ní gígùn, tààrà ni fáìlì ń lọ nínú eyín rẹ̀. Èyí tí a fẹ́ fi gé pákó dábùú, a ó dagun fáìlì kí eyín náà lè mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí lè lo ayùn kan ṣoṣo títí ọmọ rẹ̀ yóò fi jogún rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìfági onírin kò yàtọ̀. Ní 1869 ni ilé-iṣẹ́ Stanley ní Amẹ́ríkà ra ẹ̀tọ́ sí ọgbọ́n tí Leonard Bailey dá lórí ìfági onírin, èyí tí ọ̀pọ̀ ìfági ọlọ́wọ́ ṣì ń tẹ̀ lé dòní, títí kan kókó kékeré tí a ń fi ìka yí láti mú abẹ rẹ̀ wá sílẹ̀ tàbí lọ sókè. Ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe fún ògbólógbòó ìfági ni yóò jí i. Kí ẹni tó jogún rẹ̀ yọ abẹ náà, kí ó fi kẹrosíìnì nu ìpáàrà ara rẹ̀ kúrò, kí ó sì tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹrẹsẹ lórí òkúta ìpọ́nbẹ tó ti fi omi rin. Kí ó máa fà á síwá sẹ́yìn títí ẹ̀yìn náà yóò fi dán dé eteetí gan-an. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí, torí iwájú nìkan ni wọ́n ń pọ́n, bẹ́ẹ̀ ibi tí ẹ̀yìn àti iwájú ti pàdé ni ojú abẹ wà. Lẹ́yìn èyí, kí ó yí i padà, kí ó dá a dúró ní ìdagun bíi dígírì 25 sí 30, kí ó máa pọ́n ọn títí àtàńpàkò rẹ̀ yóò fi mọ irin tín-ín-rín kan tó ti ká sí ẹ̀yìn. Tí ó bá fi ẹ̀yìn náà kan òkúta lẹ́ẹ̀kan sí i, tí ó sì nù ún lára awọ bẹ́líìtì àtijọ́, irin tín-ín-rín náà yóò já. Abẹ tó bá gé bébà láìfà á ya ti mú.

Mo fẹ́ bẹ àwọn tó máa ń gbé abẹ àti ṣísẹ́lì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ oníná pọ́n irin. Tí wọ́n bá tẹ irin náà mọ́ ẹ̀rọ títí ojú rẹ̀ fi di búlúù, iná ti jẹ líle tó wà nínú rẹ̀. Kò ní lè di ojú mú mọ́, àfi tí a bá lọ gbogbo ibi tó di búlúù yẹn dànù. Ọwọ́, omi àti òkúta kò lè ṣe irú aburú bẹ́ẹ̀.

Igi ilẹ̀ wa pàápàá kò fẹ́ irinṣẹ́ tí kò mú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fá ìrókò rí yóò mọ̀ pé nígbà mìíràn òkúta funfun máa ń wà nínú rẹ̀ tí í fi í bu abẹ jẹ. Tíìkì náà ní ohun kan nínú, bí iyanrìn kíkúnná, tó máa ń jẹ ojú irin díẹ̀díẹ̀. Igi ọmọ̀ ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ wá lọ sí ọjà pákó Bódìjà, nítorí ó rọ̀, kò sì le fún ọwọ́ láti gbẹ́. Ohun mìíràn tó mú mi fẹ́ràn ìfági ọlọ́wọ́ ni pé ìfáfá igi ló ń já sílẹ̀, kì í ṣe eruku tó ń fò kiri. Eruku ìrókò máa ń yún ara, ó sì máa ń mú kí mímí ṣòro fún àwọn mìíràn, nítorí náà ẹni tó ti dàgbà tó sì ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kékeré ní láti rò ó dáadáa.

Ní ti ọgbà, ọkọ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń fi sípíríǹgì ọkọ̀ ajágbé rọ ni mo fi ń ro ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ mi. Ọkọ́ tí a fi fáìlì pọ́n lẹ́nu máa ń gé koríko nísàlẹ̀ ilẹ̀ díẹ̀, oòrùn yóò sì parí ìyókù. Èyí tí kò mú ń fa erùpẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀fọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rúkọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ẹ̀ka tó ti tẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí igi ni àgbẹ̀ ń wá fún un, igi líle bí ayìn tí a ń fi ṣe pákò, nítorí iṣan igi náà ti bá ẹ̀ka rìn yí ọrùn rẹ̀ ká. Bí a bá gé irú ìtẹ̀sí bẹ́ẹ̀ jáde lára pákó títọ́, a ti gé iṣan igi já níbi ọrùn, ibẹ̀ ni yóò sì dá sí lọ́jọ́ tó bá kan gbòǹgbò. Bí ọkọ́ bá ń mì, àwọn ará oko a máa rì í sómi mọ́jú kí igi lè wú. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ náà, àmọ́ bí igi bá tún gbẹ, mímì rẹ̀ a máa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó sàn kí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ há a. Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ ọgbà kò fi ṣeé pín níyà lọ́wọ́ mi: àáké àti ọ̀bẹ tí mo pọ́n ni mo fi ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ tí mo fi ń roko.

Àwọn agbẹ́gilére Èkìtì àti Ìgbómìnà ti mọ èyí tipẹ́. Nínú iṣẹ́ wọn, a kọ́kọ́ ń lé ọnà jáde lára igi, lẹ́yìn náà ni alétúnlé, níbi tí a ti ń ya àwọn ẹ̀yà kéékèèké sọ́tọ̀, kí ó tó kan dídán, kí ó tó wá kan fínfín, ìyẹn gígé ọnà sí ara rẹ̀. Àáké ló ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀bẹ mímú ló ń parí rẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún tó di olóògbé ní 2009, kọ́ ọ lọ́dọ̀ George Bándélé, ọmọ Àreògún, agbẹ́gilére ará Ọ̀sì, ní ilé-iṣẹ́ ọnà tí àwọn fadá Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. Ojú irinṣẹ́ ọlọ́wọ́ ló gbẹ́ àwọn ilẹ̀kùn àti òpó tí gbogbo ayé ń wò títí dòní.

Èmi kò bá káfíńtà tó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ jẹun jà pé ó ra ẹ̀rọ. Ẹni tó ní ogún ilẹ̀kùn láti kàn kí ọ̀sẹ̀ tó parí nílò rẹ̀. Àwa tí a ń ṣe é fún ìfọ̀kànbalẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń lé wa, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, àti àwọn ilé-ìwé. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré, mẹ́ta ní girama àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì) bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni wọ́n kó ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ fún láti òkè òkun, tí ẹ̀rọ náà sì jókòó sínú àpótí nítorí pé kò sí iná tàbí olùkọ́. Ayùn ọlọ́wọ́, òkúta ìpọ́nbẹ àti àgbà káfíńtà kan kò nílò iná mànàmáná.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, Olóòtú, pé kí ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín lóṣooṣù fún àwọn àgbà káfíńtà, alágbẹ̀dẹ àti agbẹ́gilére láti ṣàlàyé bí a ṣe ń pọ́n irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ àti òkúta kí ẹni tó ń kà á lè ṣe é nílé. Kí ẹ fi ayùn bẹ̀rẹ̀. Mo sì ń bẹ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé tí yàrá iṣẹ́ igi wọn ṣì ní irinṣẹ́ lára ògiri pé kí wọ́n pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ kí wọ́n tó pe oní-ọmọlanke.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn