Bàámi, ẹ tọ́ ọ wò ná kẹ́ ẹ tó bèèrè ṣúgà

Bàámi àti Màámi mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Ọjà Bódìjà ńkọ́, ṣé èlùbọ́ ń tà? Èmi náà wà dáadáa níbí, òtútù London ti tún ń yọjú, mo ti kó ẹ̀wù òtútù jáde, kò sí wàhálà. Mo mọ̀ pé àbúrò mi ló máa ka èyí sí yín létí lórí fóònù. Ìwọ, jọ̀ọ́ má sáré kà á o, tó o bá dé ibi tí mo ti ń ṣàlàyé omi àti ewé, kà á lẹ́ẹ̀mejì fún wọn.

Ọ̀rọ̀ tí Bàámi sọ lọ́jọ́ Sunday ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí dípò kí n fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹ ní dókítà ní kẹ́ ẹ dín ṣúgà kù, ẹ ti gbà, ẹ ti pa mínírà tì, ṣùgbọ́n tíì tí ò ní ṣúgà, ẹ ní kí ló wá kù níbẹ̀, ẹ kúkú lè máa mu omi gbígbóná. Bàámi, ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára, torí mo mọ ohun tí tíì jẹ́ fún yín. Mo rántí Sábó. Mo rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń dì mí lọ́wọ́ mú láti Mọ́kọ́lá lọ sọ́dọ̀ Mállàm onítíì lálẹ́, tá a máa jókòó sórí bẹ́ńṣì, tí Mállàm á gbé ife kan sókè réré, á máa da tíì láti inú ìkan bọ́ sínú ìkejì láì ta ẹyọ kan sílẹ̀, tó máa yọ ìfófòó, mílíìkì alágolo á ti pọ̀ nínú ẹ̀ débi pé àwọ̀ ẹ̀ á dà bíi ti amọ̀, ẹ̀yin á tún bu ṣúgà lé e kẹ́ ẹ tó ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fẹ́ràn tíì, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láé. Ohun tí mo kàn fẹ́ sọ ni pé tíì wà tí kì í bèèrè ṣúgà rárá, ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń mu ún, mo sì ti di díẹ̀ sínú ẹrù fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan, torí mo mọ̀ pé Màámi á ní ṣebí ewé tíì wà lẹ́yìnkùlé. Màámi, èyí tẹ́ ẹ gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga yẹn, koríko ọba ni, ó dáa, ó ń ta sánsán, ṣùgbọ́n kì í ṣe tíì. Ìṣápá tẹ́ ẹ fi ń ṣe sóbò náà kì í ṣe tíì. Igi kan ṣoṣo ló ń jẹ́ tíì, Camellia sinensis ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é. Tíì funfun o, tíì aláwọ̀ ewé o, oolong o, tíì dúdú tó wà nínú páálí Lipton o, ewé igi kan náà ni gbogbo wọn. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, mi ò kọ́kọ́ gbà.

Kódà orúkọ méjèèjì tá a fi ń pè é n'Íbàdàn, Ṣáínà ni méjèèjì ti wá. Cha ni ọ̀pọ̀ wọn ń pè é níbẹ̀, àwọn ará etíkun Fujian ń pè é ní te. Cha bá orí ilẹ̀ lọ títí ó fi di shay lẹ́nu àwọn Lárúbáwá, àwọn Hausa wá ń pè é ní shayi, te ní tiẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi àwọn oníṣòwò Dutch dé Yúróòpù, ó di tea lẹ́nu Òyìnbó, ó di tíì lẹ́nu wa. Shayi ti Mállàm àti tíì ti Bàámi wá lọ pàdé lórí bẹ́ńṣì ní Sábó. Ó máa ń múnú mi dùn tí mo bá rántí.

Bó ṣe wá jẹ́ pé ewé kan náà ló ń di oríṣiríṣi, Màámi ló máa tètè yé. Iṣu la fi ń gún iyán tó funfun báláú, iṣu náà la bọ̀, tá a rẹ, tá a sá, tó di èlùbọ́, tí àmàlà ẹ̀ wá dúdú. Ṣé ẹ mọ bí iṣu tá a bó ṣe máa ń yí àwọ̀ padà tá ò bá tètè kó o sómi? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ewé tíì náà nìyẹn, afẹ́fẹ́ ló ń bá oje inú ẹ̀ ṣe é. Tí wọ́n bá já ewé tí wọ́n sáré yan án nínú agbada gbígbóná bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń ṣe, tàbí tí wọ́n fi ooru omi sè é bíi ti àwọn ará Japan, kò ní lè dúdú mọ́, tíì aláwọ̀ ewé nìyẹn. Tí wọ́n bá jẹ́ kó rọ, tí wọ́n yí i mọ́wọ́ tàbí mẹ́rọ títí oje ẹ̀ fi jáde, tí wọ́n wá fi sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jẹ ẹ́ tẹ́rùn, ó di tíì dúdú. Oolong wà láàárín méjèèjì. Tíì funfun ni wọ́n kàn já ní ọ̀mùnú, wọ́n sá a, wọn ò fọwọ́ pa á lára púpọ̀. Èyí tó wà nínú àpò kékeré tá a mọ̀ dáadáa, èrúnrún ewé ni, wọ́n fẹ̀rọ lọ̀ ọ́ kó lè tètè jáde sómi, ó le, ó sì dúdú, ìdí nìyẹn tó fi bá mílíìkì àti ṣúgà mu. Tẹ́ ẹ bá yọ ṣúgà kúrò níbẹ̀, kíkorò ló máa kù, mo gbà pẹ̀lú yín.

Ìgbà tí èmi náà kọ́kọ́ ra tíì aláwọ̀ ewé, Longjing lorúkọ ẹ̀, ewé ẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹni fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, bí mo ṣe ń po ògì ni mo ṣe ṣe é. Màámi lẹ kọ́ mi pé omi tí ò bá hó yaya, ògì ò ní dì. Ni mo bá jẹ́ kí kẹ́tùlù hó yaya, mo dà á lé ewé, mo dé e, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ewúro tá ò fọ̀ ni mo mu. Inú mi bàjẹ́, torí owó oúnjẹ ọjọ́ méjì ni mo kó lé e. Ìyá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ará Fujian ni, òun ló sọ fún mi pé ewé ò ṣẹ̀, omi ló bó o. Ó ní tí omi bá hó tán, kí n jẹ́ kó rọlẹ̀ ná, dígírì 75 sí 80 ni ewé yẹn fẹ́, kó má sì ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí màá fi sẹ́ ẹ. Mo délé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣe bó ṣe wí. Bàámi, ewé kan náà, páálí kan náà! Ó wá dùn bí omi tá a fi se àgbàdo tútù, èyí tẹ́ ẹ máa ń ní ká má dà nù.

Ìyá yẹn náà ló bu oolong díẹ̀ fún mi nínú ọ̀rá, Tieguanyin láti Anxi lọ́dọ̀ wọn. Èyí ni mo fẹ́ kí Bàámi gbọ́ dáadáa. Wọ́n ká ewé ẹ̀ róbótó róbótó, kò tóbi ju kóró àgbàdo lọ, tẹ́ ẹ bá dà á sínú ife á máa dún kàkàkà. Mo fi bíi gíráàmù 5 sínú ife kékeré onídèérí tí ò gbà ju mílílítà 100 lọ, mo da omi gbígbóná lé e, mo ka ọgbọ̀n, mo sẹ́ ẹ. Ti àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́, àwọn kóró yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ni. Nígbà tí mo fi máa da omi ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ti là, wọ́n ti kún ife dé ẹnu, ewé odindi pẹ̀lú igi ẹ̀, bí ewúro gbígbẹ tá a rẹ sómi, èèyàn lè nà án sórí àtẹ́lẹwọ́ kó rí iṣan ẹ̀. Òórùn ẹ̀ dà bí òdòdó. Mo mu ún, mo gbé e mì, mi ò rí nǹkan kan àrà ọ̀tọ̀, àfi ìgbà tó yá ni adùn kan wá ń gòkè bọ̀ láti ọ̀nà ọ̀fun wá. Bàámi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jẹ obì, ẹ mọ bí omi ṣe máa ń dùn lẹ́nu téèyàn bá jẹ obì tán? Adùn yẹn ni. Adùn obì. Ẹnikẹ́ni ò fi ṣúgà sí i, ó sì dùn. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ronú kàn yín. Ewé ìwọ̀nba yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo da omi lé e kó tó rẹ̀ ẹ́, bó ṣe ń dùn sí lẹ́ẹ̀kejì yàtọ̀ sí ti ẹ̀ẹ̀karùn-ún.

Àtìgbà yẹn mo ti tọ́ oríṣiríṣi wò. Ti Darjeeling ní Íńdíà tí wọ́n já ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó fúyẹ́, ó ń ta sánsán. Ti Assam, Íńdíà náà ni, ó le, òun ló jọ ti Mállàm jù. Pu-erh láti Yunnan ní Ṣáínà, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ pẹrẹsẹ bí àkàrà òyìnbó, èyí tí wọ́n ń ṣe jù wọn gíráàmù 357, ẹlòmíì á tọ́jú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó mu ún, ó ń rùn bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, mi ò tíì fẹ́ràn ẹ̀. Lapsang Souchong, èéfín igi páìnì ni wọ́n fi ń yan án, ìgbà tí mo ṣí páálí ẹ̀ ṣe ló dà bí ẹni dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ẹja, omi bọ́ lójú mi, torí mi ò tíì délé láti ọdún mẹ́ta.

Màámi, ọjọ́ kan mo wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ewé wọ̀nyí, bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù ṣí agolo kan fún mi, mi ò mọ ìgbà tí mo ti bu díẹ̀ sọ́wọ́, mo fi ìka fọ́ ọ wò bóyá ó gbẹ, mo mí sí i kó gbóná díẹ̀, mo wá gbóòórùn ẹ̀, mo ní èyí ti pẹ́ ńlẹ̀. Bàbá yẹn wò mí. Ó ní òótọ́ ni, ti ọdún tó kọjá ni, ta ló kọ́ mi? Mo ní màmá mi ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Mo rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe sí àwọn tó ń kó èlùbọ́ wá láti Ṣakí, tẹ́ ẹ máa ki ọwọ́ bọ àpò dé ìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ máa fi díẹ̀ kan ahọ́n, ẹ ò ní sọ̀rọ̀, ẹ kàn máa mi orí. Ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ lára èlùbọ́ láti ọgbọ̀n ọdún, òun náà ni mo ń lò níbí, kò sẹ́ni tó tún kọ́ mi ní nǹkan míì lórí ẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan tún wà o. Àbúrò mi, ìwọ tó o máa ń gba Ìdí-Ayunrẹ́ kọjá, ibẹ̀ ni CRIN wà, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964. Kòkó nìkan ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n obì, kọfí, kajú àti tíì náà wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí. Tíì ń hù ní Nàìjíríà o, lórí òkè Mambilla ní Taraba, ibẹ̀ ga ju mítà 1,500 lọ, ó tutù. Jọ̀ọ́ yà níbẹ̀ kó o bá mi bèèrè bí èèyàn ṣe lè rí ewé Mambilla tí wọn ò tíì lọ̀ sínú àpò, bó jẹ́ gíráàmù 200 péré. Mo ti mu ti Kenya, mo ti mu ti Sri Lanka, mi ò tíì mu ti ilé wa, kò dáa bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹrù. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, agolo mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, mo so òwú mọ́ ọn kẹ́ ẹ lè dá wọn mọ̀. Olówùú pupa, tíì dúdú láti Keemun ní Ṣáínà ni, omi tó hó yaya ni kẹ́ ẹ dà lé ṣíbí kékeré kan fún ife kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Tí Màámi bá fẹ́ fi mílíìkì sí èyí, kò burú. Olówùú àwọ̀ ewé ni Longjing, ẹ má ṣe é bí ògì o, ẹ kọ́kọ́ da omi tó hó sínú ife kan, ẹ dà á sínú ìkejì, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ títí ẹ fi lè di ife náà mú, kẹ́ ẹ tó dà á lé ewé. Olówùú funfun ni oolong Bàámi. Ife onídèérí kékeré yẹn wà nínú ẹ̀, mo fi aṣọ wé e, ẹ tú u jẹ́jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó wọn sí kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná. Tíì máa ń fa òórùn mọ́ra, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe tíì jasmine, wọ́n á kó òdòdó pọ̀ mọ́ ewé mọ́jú kí òórùn ẹ̀ lè wọ̀ ọ́. Lọ́dún tó kọjá mo gbé páálí tíì funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú àti ẹja gbígbẹ tí Màámi fi ránṣẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti di omi ẹja, mi ò rí ẹyọ kan mu níbẹ̀. Inú yàrá ni kẹ́ ẹ gbé e sí, níbi tí oòrùn ò ti ní tà á, kẹ́ ẹ dé e pa. Màámi, oògùn ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ má fi tíì gbé e mì, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan sí méjì láàárín wọn, torí tíì kì í jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù, èròjà tó ń fún ara lẹ́jẹ̀ nínú oògùn yẹn, dáadáa. Bàámi, kì í ṣe oògùn ṣúgà ni mo fi ránṣẹ́ o, ẹ máa lo ti dókítà lọ, ẹ má sì mu tíì lálẹ́ kẹ́ ẹ lè rí oorun sùn.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe olówùú funfun, ẹ pè mí lórí fídíò, iṣẹ́ alẹ́ máa ń parí láago mẹ́jọ àárọ̀, màá ti délé láago mẹ́sàn-án. Ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì, ẹ kàn mu ún. Ti ìkẹta, ẹ gbé e mì kẹ́ ẹ dúró díẹ̀, ẹ wá sọ fún mi bóyá ó jọ obì.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjọkẹ́